Justus von Liebig àti Ohun tí Ó Kọ́kọ́ Tán

Bí àgbẹ̀ kan ní Èrúwà bá kọ ebè 60 sílẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé èèbù 40 péré ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ebè mélòó ni yóò rí èèbù gbìn sí? Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé 40 ni. Ebè 20 yòókù yóò ṣófo, bí ó ti wù kí a kọ wọ́n dára tó, nítorí pé èèbù ni ó kọ́kọ́ tán. Bí ìgbà ìkórè bá dé, tí ó jẹ́ pé ebè 30 ni iṣu ta sí nínú 40 náà, a ó sọ pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a retí ni ọwọ́ wa tẹ̀. Ìṣirò méjèèjì yìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń ṣe nígbàkígbà tí wọ́n bá po nǹkan pọ̀. Èkíní ni láti mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ tán. Èkejì ni láti mọ iye tí ó wọlé nínú iye tí ó yẹ kí ó wọlé. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ó mú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìgò kẹ́mísírì lọ sí oko àgbẹ̀, tí ìṣirò náà sì padà wá mú òun fúnra rẹ̀.

A bí Justus Liebig ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1803 ní ìlú Darmstadt ní ilẹ̀ Jámánì. Baba rẹ̀ a máa ta ọ̀dà, aró àti egbòogi, a sì máa po púpọ̀ nínú wọn fúnra rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ baba rẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ rí bí nǹkan méjì ti ń parapọ̀ di ẹ̀kẹta. Ó ń yá ìwé kẹ́mísírì kà, ó sì ń dán ohun tí ó kà wò. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́, kò ta yọ rárá. Ní ọjọ́ tí a bi í léèrè iṣẹ́ tí yóò ṣe láyé, tí ó dáhùn pé kẹ́mísírì ni, gbogbo kíláàsì ni ó bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 13, ojú rẹ̀ rí ohun tí kì í kúrò lọ́kàn ènìyàn bọ̀rọ̀. Ní ọdún 1815, òkè ayọnáyèéfín Tambora ní ilẹ̀ Indonésíà bú gbàmù, èéfín àti eruku rẹ̀ sì bo ojú ọ̀run débi pé ní ọdún 1816 oòrùn kò mú dáadáa ní ilẹ̀ Yúróòpù. Òjò àti òtútù ba ọkà jẹ́ lóko, ìyàn sì mú ní Jámánì. Láti kékeré ni Liebig ti mọ̀ pé bí ilẹ̀ kò bá mú oúnjẹ wá, kò sí ọlọ́rọ̀ tàbí ọlọ́gbọ́n tí ebi kò lè pa.

Wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ apòògùn kan ní Heppenheim, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi padà sílé. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Bonn àti ní Erlangen. Ọba ìpínlẹ̀ Hesse ràn án lọ́wọ́, ó sì lọ sí Párísì ní ọdún 1822, níbi tí ó ti bá Gay-Lussac ṣiṣẹ́, ọ̀gá nínú àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ayé ìgbà náà. Ní ọdún 1824, ẹni ọdún 21 péré, wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Giessen. Ẹni tí àwọn ọmọ kíláàsì fi rẹ́rìn-ín ti di olùkọ́ àwọn àgbà.

Ilé tí àwọn ọmọ ogun ti ń ṣọ́nà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún un ní Giessen. Ó sọ ọ́ di ilé ìdánwò kẹ́mísírì tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo Yúróòpù. Ní ibòmíràn, olùkọ́ ni yóò máa fi nǹkan hàn, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wòran. Lọ́dọ̀ Liebig, olúkúlùkù ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn nǹkan, tí yóò sì jíhìn ohun tí ó wọn. Hofmann àti Kekulé, tí àwọn náà di ọ̀gá lẹ́yìn ọ̀la, jẹ́ ara àwọn tí ó kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ìjíhìn náà. Nígbà tí háídrójìn àti ọ́síjìn bá parapọ̀ di omi, gíráàmù 1 háídrójìn ni ó ń bá gíráàmù 8 ọ́síjìn lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú háídrójìn gíráàmù 3 àti ọ́síjìn gíráàmù 16, èwo ni yóò kọ́kọ́ tán? Ọ́síjìn ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó wúwo jù. Yóò gba háídrójìn gíráàmù 2 mọ́ra, gíráàmù 1 yóò ṣẹ́ kù, omi tí ó yẹ kí a rí kò sì ní ju gíráàmù 18 lọ. Bí a tilẹ̀ tún da háídrójìn púpọ̀ sí i, asán ni. Bí ó bá wá jẹ́ pé omi gíráàmù 13.5 ni ó wà nínú ìgò, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wádìí ibi tí gíráàmù 4.5 yòókù wà: ṣé ó bá afẹ́fẹ́ lọ ni, tàbí ó lẹ̀ mọ́ ara ìgò?

Kí nǹkan má baà sọnù báyìí ni Liebig ṣe ohun èlò onígíláàsì kan ní ọdún 1831, tí ó ní ikùn roboto márùn-ún. Omi kan tí ó jọ omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú ni ó rọ sínú rẹ̀. Bí ó bá sun nǹkan níná, omi náà yóò mú gáàsì èédú tí ó ń jáde. Yóò wọn ohun èlò náà kí ó tó sun nǹkan, yóò sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó fi wúwo sí i ni yóò sọ iye èédú tí ó wà nínú nǹkan náà.

Ní ọdún 1840, ó kọ ìwé tí ó sọ ọ́ di ẹni tí àgbẹ̀ mọ̀. Ọmọ Jámánì kan, Carl Sprengel, ti sọ irú ọ̀rọ̀ náà ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Liebig ni ó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ. Ó kọ́ni pé inú ilẹ̀ ni ọ̀gbìn ti ń kó àwọn èròjà bíi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀m, àti pé èyí tí ó bá kéré jù sí ohun tí ọ̀gbìn ń fẹ́ ni yóò pinnu bí ìkórè yóò ti pọ̀ tó. Èyí tí ó pọ̀ kò lè dípò èyí tí ó tán. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí hàn kedere ní oko wa ní Ìbàràpá. Bí a bá sun igbó, eérú rẹ̀ a máa fún ilẹ̀ ní pòtásíọ̀m, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú náítírójìn igbó náà ti bá èéfín lọ. Bí àgbàdo bá ń pọ́n lójú nítorí àìsí náítírójìn, bí a da eérú agbọ̀n mẹ́wàá sí ìdí rẹ̀, kò ní tìtorí rẹ̀ yó.

Liebig kò fi ọ̀rọ̀ mọ sínú ìwé. Ní ọdún 1845, ajílẹ̀ tí ó ṣètò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ilé iṣẹ́ Muspratt ní Liverpool. Àwọn àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rà á pẹ̀lú ìrètí ńlá, ṣùgbọ́n ìkórè wọn já wọn kulẹ̀. Kí ni ó fà á? Nítorí kí òjò má baà wọ́ ajílẹ̀ náà lọ, ó yọ́ ọ nínú iná títí tí kò fi lè tú nínú omi mọ́. Bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò kò lè mu ohun tí kò tú. Ju èyí lọ, ó gbàgbọ́ pé náítírójìn tí òjò ń mú bọ̀ láti ojú ọ̀run tó fún ọ̀gbìn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì, Lawes àti Gilbert, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lóko ní Rothamsted ní ọdún 1843, fi hàn pé kò tó. Náítírójìn gan-an ni ó kọ́kọ́ tán nínú oko àlìkámà wọn. Òfin tí Liebig fi kọ́ aráyé ni ó dá a lẹ́bi.

Ó dun ọkùnrin náà. Ó bá àwọn méjèèjì jiyàn lórí náítírójìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ní ti ajílẹ̀ tí kò lè tú, ó jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ nínú ìwé tí ó tún tẹ̀ jáde ní ọdún 1862. Kò sí ẹni tí kì í ṣìnà. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun ṣìnà ni ó lè rí ọ̀nà padà.

A ti fi oyè dá a lọ́lá ní ọdún 1845, láti ìgbà náà ni a sì ti ń pè é ní von Liebig. Ó ṣí lọ sí Munich ní ọdún 1852, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1873. Ilé ìdánwò rẹ̀ ní Giessen ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Lónìí, àgbẹ̀ tí ó bá ra àpò ajílẹ̀ ní ọjà yóò rí nọ́mbà mẹ́ta lára rẹ̀, bíi 15-15-15. Nọ́mbà náítírójìn ni èkíní, ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, ti pòtásíọ̀m sì kẹ́yìn. Nínú àwọn nọ́mbà wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ Liebig àti àṣìṣe rẹ̀ ti pàdé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí iṣẹ́ yín kò bá so èso tó bí ẹ ti retí, ẹ má ṣe yára fi kún ohun tí ó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí ó tán. Bí ẹ bá sì ti rí i, ẹ wọn ohun tí ọwọ́ yín tẹ̀, kí ẹ má sì bo ìyókù mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó fa ìyàn ọdún 1816 ní ilẹ̀ Jámánì?
2. Báwo ni ilé ìdánwò Liebig ṣe yàtọ̀ sí ti àwọn olùkọ́ mìíràn?
3. Bí a bá po háídrójìn gíráàmù 2 mọ́ ọ́síjìn gíráàmù 24, èwo ni yóò kọ́kọ́ tán, omi gíráàmù mélòó ni ó sì yẹ kí a rí?
4. Ṣàlàyé bí òfin Liebig ṣe dá Liebig fúnra rẹ̀ lẹ́bi.