William Eno: Baba òfin ojú títì tí kò wa mọ́tò rí

Gbogbo àwa tí a ń wakọ̀ lọ́nà márosẹ̀ Amẹ́ríkà la mọ òfin yìí: bí o kò bá yára, fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ ẹni tó kọ ọ́ sínú ìlànà ìrìnnà New York? William Phelps Eno lorúkọ rẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé wọ́n ní ọkùnrin náà kò kọ́ mọ́tò wíwà títí tó fi kú.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1858 ni wọ́n bí i sí New York. Olówó ni Amos Eno, bàbá rẹ̀. Òun ló kọ́ Fifth Avenue Hotel tó lókìkí gan-an láyé ìgbà yẹn. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń gùn kiri, mọ́tò ò tíì dé.

Lọ́dún 1867, tí William jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun àti ìyá rẹ̀ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó wà níbẹ̀ ò ju bíi méjìlá lọ. Àwọn tó ń darí ẹṣin ò mọ ohun tí wọn ó ṣe, ọlọ́pàá náà ò mọ̀ ọ́n. Ìlànà díẹ̀ ni ì bá tú wọn sílẹ̀, ìlànà ọ̀hún ni ò sí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pọ̀ lójú títì lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ orí ọmọ wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn William mọ́.

Ó lọ sí Yale, ó sì bá bàbá rẹ̀ ṣòwò ilẹ̀ àti ilé. Nígbà tí bàbá kú ní 1898, ogún tó kàn án tó kó má ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹlòmíì á máa jayé kiri ni. Ọ̀rọ̀ ojú títì ni Eno gbájú mọ́ ní tirẹ̀, láìjẹ́ pé ìjọba rán an níṣẹ́. Lọ́dún 1900 ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Rider and Driver pé ó ti yẹ kí wọ́n tún ìrìnnà ìlú náà ṣe ní kíá. Nígbà tó di 1903, ọlọ́pàá New York gba ìlànà tó kọ, ó sì fi owó àpò ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde kó lè dé ọwọ́ àwọn awakọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, kí kálukú gba ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya ẹlòmíì sílẹ̀, ọwọ́ òsì onítọ̀hún ni kó gbà. Ọkọ̀ tó ń rọra lọ, kó sún mọ́ etí títì lápá ọ̀tún, kí àyè lè wà lápá òsì fún ẹni tó ń yára. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó gbé ọwọ́ tàbí pàṣán sókè kí ẹni ẹ̀yìn rí i. Kí wọ́n yàgò fún ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Ẹ yọ pàṣán kúrò, ẹ fi tràfíkétọ̀ síbẹ̀: ṣebí ohun tí wọ́n fi ń dán wa wò kí a tó gba láísẹ́ǹsì náà nìyẹn?

Kò dúró síbẹ̀. Ní 1905, wọ́n lo ìlànà rẹ̀ ní Columbus Circle, tí gbogbo ọkọ̀ fi ń yípo sí apá kan ṣoṣo. Ní 1907, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Place de l'Étoile ní Paris. Wọ́n tún máa ń dárúkọ rẹ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ wọ́n-wéè, àmì ìdúró àti ibùdó takisí. Ẹṣin ló fẹ́ràn; nígbà tí mọ́tò dé, ẹlòmíì ló ń wà á kiri. Ó dá àjọ Eno sílẹ̀ ní 1921, tó wà títí dòní, ó sì kú ní 1945 lẹ́ni ọdún 87.

Kí ló dé tí mo ń sọ ìtàn ẹni tó ti kú tipẹ́? Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wakọ̀ níhìn-ín, ọwọ́ òsì pátápátá ni mo máa ń gbà. Oníṣirò owó ni mí, nọ́ńbà ò gbọ́dọ̀ yẹ̀: bí wọ́n bá kọ 55, 55 gééré ni mo máa sá. Bí ẹni ẹ̀yìn bá ń tanná sí mi, màá ní òun ni arúfin. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan fi ìbínú gba ọwọ́ ọ̀tún mi kọjá. Díẹ̀ ló kù kó gbá ọkọ̀ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ títì, mo sì rí orí ọmọdé méjì lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Ara mi ò balẹ̀ títí mo fi délé. Òótọ́ ni, onítọ̀hún sáré jù. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dí ọ̀nà tó yẹ kó gbà.

Mo rò pé eré tí mo ń sá nìkan ni òfin ń wò. Eno ti rí i ṣáájú wa pé ẹni tí kò sáré náà lè di ìdènà. Ní New Jersey, òfin ní ọwọ́ ọ̀tún ni kí a máa gbà, àfi tí a bá fẹ́ kọjá. Ẹ̀yin ará London, ẹ yí tiyín padà, ọwọ́ òsì ni. Láti 2013 ni ọlọ́pàá ti lè gba 100 pọ́n-ùn lójú ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fìdí kalẹ̀ sáàárín.

Tí a bá ti ya ẹni iwájú sílẹ̀ tán, ká padà sí àyè wa. Ẹ rọra o, ilé là ń lọ.