Caroline Norton: Ìyá Tó Bá Òfin Du Ọmọ

Ní Arámọkọ, níbi tí wọ́n bí mi, bí tọkọtaya bá túká, ìbéèrè tí àwọn àgbà kọ́kọ́ máa ń gbé sílẹ̀ ni pé, ta ló ni ọmọ? Kò sẹ́ni tó ń ronú kó tó dáhùn. Bàbá ló ni ín. Bó bá jẹ́ ọmọ ọmú, wọ́n á ní kí ìyá ṣì gbé e dání, bó bá ti já a lẹ́nu ọmú, kó dá a padà sí agboolé bàbá rẹ̀. Bákan náà lẹ ó ṣe gbọ́ ọ ní Ìjerò àti ní Ẹ̀fọ̀n. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé kò tíì pé igba ọdún tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò níbẹ̀, àti pé tiwọn tilẹ̀ le ju tiwa lọ. Lábẹ́ òfin wọn nígbà náà, bàbá lè gba ọmọ lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀, kóòtù kò sì ní bi í léèrè. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ mi òfin yẹn, ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìlú London ni wọ́n bí Caroline Sheridan sí ní 1808. Bàbá bàbá rẹ̀ ni Richard Brinsley Sheridan, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Orúkọ ńlá wà nílé wọn, owó ni kò sí. Bàbá rẹ̀ kú sí Gúúsù Áfíríkà ní 1817. Nígbà tí Caroline pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ní 1827, wọ́n fi í fún George Norton, lọ́yà kan tó tún jẹ́ aṣòfin. Kò pẹ́ tí ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú.

Ọmọkùnrin mẹ́ta ló bí: Fletcher ní 1829, Brinsley ní 1831, William ní 1833. Ewì àti ìtàn tó ń kọ ló ń mú owó wọlé, ṣùgbọ́n lójú òfin, gbogbo kọ́bọ̀ tí obìnrin abilékọ bá pa, ti ọkọ rẹ̀ ni. Nígbà tí ọkọ náà pàdánù ipò aṣòfin ní 1830, Caroline ló lọ bẹ Lord Melbourne, tó jẹ́ mínísítà, tí wọ́n fi fún un níṣẹ́ adájọ́ májísíréètì. Ẹ wò ó: ọkùnrin tó ń lu ìyàwó nílé ló ń jókòó dá ẹjọ́ fún ará ìlú, ìyàwó tó ń lù ló sì bá a wá ìjókòó náà.

Ní àsìkò Àjíǹde 1836 ni nǹkan dàrú pátápátá. Caroline fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ọkọ kọ̀, ó kó wọn pamọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ló gbé Melbourne, tó ti di olórí ìjọba, lọ sí kóòtù pé ó bá ìyàwó òun lò pọ̀, ó sì ń béèrè 10,000 pọ́n-ùn owó ìtanràn. Ìròyìn náà gba gbogbo London kan. Caroline fúnra rẹ̀ kọ́ ni olùpẹ̀jọ́, òun kọ́ ni olùjẹ́jọ́, wọn kò sì gbà á láyè láti sọ tẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀ lójú agbo. Àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà kò tilẹ̀ dìde lórí ìjókòó kí wọ́n tó dá a nù.

Ọkọ pàdánù ẹjọ́, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ wà. Ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Scotland. William kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Kóòtù ti sọ pé ìyá yìí kò jẹ̀bi, òfin kan náà sì ní kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fojú kan ọmọ rẹ̀ àfi bí ọkọ bá fẹ́.

Kálámù ni Caroline ní, òun ló fi jà. Láti 1837 ló ti ń tẹ ìwé kékeré jáde lórí ẹ̀tọ́ ìyá sí ọmọ rẹ̀. Èyí tó kọ sí olórí àwọn adájọ́ ní 1839, orúkọ ọkùnrin, Pearce Stevenson, ló fi sí i, kí wọ́n lè kà á. Aṣòfin kan, Thomas Noon Talfourd, gbé àbá òfin náà wọlé. Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù dá a padà ní 1838. Ní 1839 wọ́n fọwọ́ sí i.

Ohun tí òfin náà fún ìyá kò pọ̀. Ìyá lè bẹ kóòtù pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje máa gbé lọ́dọ̀ òun, àti pé kí òun máa rí àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tí kóòtù bá ti dá lẹ́bi àgbèrè kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè díẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi nìyí. Nínú Yorùbá, 'ta ló ni ọmọ' àti 'ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ yóò máa gbé' kì í ṣe ìbéèrè kan náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'ni' nínú ti àkọ́kọ́ sọ ọmọ di ohun ìní. Nínú ti èkejì, ọmọ gan-an ni olùwà, òun ló ń gbé. Òfin 1839 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì gba ìbéèrè kejì láyè. Ọ̀nà yẹn náà ni òfin tiwa ń tọ̀ lónìí. Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà ti 1970, ní abala 71, pàṣẹ pé ire ọmọ ni kí adájọ́ kọ́kọ́ wò; lára ohun tí àwọn adájọ́ sì máa ń gbé yẹ̀ wò ni ọjọ́ orí rẹ̀, ilé-ìwé rẹ̀, ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, ohun tí ọmọ náà fẹ́ bó bá ti gbọ́n tó. Ìgbéyàwó kóòtù àti ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn o. Ẹni tó jẹ́ ìdáná nìkan ló ṣe, kóòtù ìbílẹ̀ ni yóò lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn lápá ọ̀dọ̀ wa sì rò pé bí wọ́n bá ti dá owó orí padà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin kóòtù ìbílẹ̀ náà fi ire ọmọ ṣíwájú. Ìbéèrè àwọn àgbà ni kò tíì yí padà.

Òfin náà kò ran Caroline lọ́wọ́. Kò lágbára ní Scotland, ibẹ̀ ni ọkọ sì kó àwọn ọmọ sí. Àfi bí ẹni pé ẹjọ́ tí wọ́n bá dá ní Arámọkọ kò ní múlẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. Ní 1842, William ṣubú lórí ẹṣin. Ọgbẹ́ tó fi ṣe kékeré ni, wọn kò tọ́jú rẹ̀, ó di májèlé sí i lára. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, tó sì fi dé ibẹ̀, ọmọ ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá gbà kí àwọn méjì tó kù máa dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn.

Ó tún bá òfin fà á ní ọdún 1854 àti 1855 lórí owó àti ìkọ̀sílẹ̀. Ara ohun tó jà fún wọ inú òfin 1857. Fletcher kú ní 1859. Láàárín gbogbo èyí, ayàwòrán Daniel Maclise ń wá ojú obìnrin tí yóò fi ya Ìdájọ́ Òdodo sára ògiri Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, ilé kan náà tó dá àbá òfin padà ní 1838. Ojú Caroline ló yà. Àwòrán náà ṣì wà níbẹ̀.

Wọn kò kọ ara wọn sílẹ̀ rárá. George Norton kú ní 1875. Ní oṣù kẹta ọdún 1877, Caroline fẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, Sir William Stirling-Maxwell. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún náà.