Kwame Nkrumah: Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Fọ Ìkòkò Kó Tó Di Olórí Gánà

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàárín àwa tó wà ní SS3: ṣé ó bójú mu kí ẹni tó wà ní yunifásítì tàbí pólì máa fọ abọ́, tàbí kó máa gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé oúnjẹ? Àwọn kan ní àbùkù ni. Àwọn kan ní iṣẹ́ kì í ṣe àbùkù, ṣùgbọ́n ìwé ló máa fara gbá a.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré fún wa. Nínú wa ni àwọn tí òbí wọn ti sọ fún pé owó fọ́ọ̀mù nìkan lagbára àwọn ká. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá gba gáréèjì Mando kọjá yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré gbé ìrẹsì àti tuwo fún èrò ọkọ̀. Ta ló mọ èwo nínú wọn ló ní ìwé nínú báàgì? Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn Kwame Nkrumah, torí ọkùnrin yìí ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì pẹ́ lẹ́nu ẹ̀.

Ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Nkroful, ní apá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Gold Coast lorúkọ rẹ̀ nígbà náà, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń ta ọjà wẹ́wẹ́. Ó kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní Achimota, ó jáde ní 1930, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ̀rọ̀ Nnamdi Azikiwe, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Zungeru níbí ní òkè Ọya, tó ti kàwé ní Amẹ́ríkà, tó wá ń ṣe ìwé ìròyìn ní Accra. Bí Nkrumah ṣe pinnu nìyẹn pé Amẹ́ríkà lòun náà ń lọ.

Owó wá dà? Kò sí. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan wà ní Èkó tó rí já jẹ díẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe: ó yọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi láìsanwó, ó sì fara pamọ́ síbẹ̀ títí ó fi dé Èkó. Mọ̀lẹ́bí náà fún un ní £100. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹnì kan ló kọ́kọ́ nawọ́ sí i. Ọwọ́ kan kì í gbé igbá dé orí.

Ní October 1935 ló dé New York, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Lincoln University ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kó tó dé. Wọ́n gbà á pé kó máa bá wọn lọ bó bá lè yege nínú ìdánwò. Ó yege, ó gba sikọláṣíìpù, wọ́n sì fún un níṣẹ́ ní láíbìrì.

Wàhálà dé nígbà tí ilé ìwé ti ọlidé gígùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Ilé tirẹ̀ wà ní òdìkejì òkun. Ó lọ sí Harlem, àdúgbò àwọn èèyàn dúdú ní New York, òun àti ọmọ Áfíríkà kan sì ń ra ẹja láàárọ̀ kùtù, wọ́n ń tà á ní ìkóríta. Èrè kò tó nǹkan, ẹja náà sì mú kí ara rẹ̀ sú. Ó fi í sílẹ̀, ó wọ ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Ẹ má rò pé òórùn dídùn ló wà níbẹ̀ o! Ìfun àti ọ̀rá ẹran tó ti jẹrà ló ń kó sínú bárò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Dókítà kìlọ̀ fún un pé iṣẹ́ yẹn yóò ba ara rẹ̀ jẹ́, kò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi kúrò.

Lẹ́yìn èyí ló bọ́ sórí omi, nínú ọkọ̀ èrò kan tí wọ́n ń pè ní Shawnee, tó ń ná New York sí Mexico. Ó fẹ́ kí wọ́n fi òun sídìí gbígbé oúnjẹ fún èrò, àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n dà á sí ilé ìdáná kó máa ha ìkòkò. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sídìí abọ́ fífọ̀, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó kéré tán, oúnjẹ dájú níbẹ̀. Ọlidé dé ọlidé, iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń padà sí, títí ogun fi bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Nígbà tí kò sì rí ibi sùn ní New York, ó máa ń fi sẹ́ǹtì márùn-ún wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, á máa sùn nínú rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Harlem àti Brooklyn.

Ó gba dìgírì àkọ́kọ́ ní 1939. Ó gba òmíràn nínú ẹ̀kọ́ ìsìn ní 1942, ó sì tún kàwé gboyè ní University of Pennsylvania. Àmọ́ níbí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà ogun, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Chester, láti aago méjìlá òru títí di aago mẹ́jọ àárọ̀. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bó bá dé, á sùn díẹ̀, á jí, ó di ìwé. Ara kì í ṣe òkúta: àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá a dùbúlẹ̀ ní ọsibítù. Oyè dókítà tó ń lépa, kò parí rẹ̀ títí tó fi kúrò ní Amẹ́ríkà ní 1945.

Èyí tó kù, ẹ ti kà á nínú ìwé ìtàn. Ó padà sílé ní 1947, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú CPP sílẹ̀ ní 1949, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, ó ti ẹ̀wọ̀n wọlé ìbò ní 1951. Ní March 6, 1957, Gánà gba òmìnira, òun sì ni olórí ìjọba. Ṣùgbọ́n ìyà tó jẹ èèyàn kì í sọ ọ́ di aláàánú dandan. Ní 1958, ìjọba rẹ̀ ṣe òfin tó ń ti alátakò mọ́lé láìsí ìdájọ́. J. B. Danquah, tí wọ́n jọ jà fún òmìnira, kú sí àtìmọ́lé ní 1965. Àwọn sọ́jà gbàjọba ní February 24, 1966, Nkrumah sì lọ gbé ní Guinea. Ìlú Bucharest ló kú sí, ní April 27, 1972.

Kí ni mo rí nínú ìtàn yìí? Mi ò gbà pé ìkòkò híha ló sọ ọ́ di olórí. Ọ̀pọ̀ tó bá a ha ìkòkò kò di nǹkan kan. Ohun tí mo rí ni pé kò tijú iṣẹ́, ó sì máa ń fi ọlidé ṣe èyí tó le jù. Iṣẹ́ tó fẹ́ pa á, ó fi í sílẹ̀. Nígbà tó so òru mọ́ ọ̀sán, ara àti ìwé ló san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó ní àbùkù ni, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní ó lè pa ìwé lára, òótọ́ lẹ sọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Kí a tó jáde, ẹ bá wa pe àwọn tó ti ṣiṣẹ́ la pólì já wá bá wa sọ̀rọ̀: wákàtí mélòó ni wọ́n ń ṣe, èló ni wọ́n ń gbà, ìgbà wo ni wọ́n ń kàwé? Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí owó yín sì ti wà nílẹ̀, bẹ́ ẹ bá bá ọmọ kíláàsì yín nídìí abọ́ lọ́jọ́ iwájú, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ sì yá a ní nóòtì yín.