Fágúnwà: Olùkọ́ tó jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé mọ adùn ìwé kíkà

Ní ọdún 1936, nígbà tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn kéde ìdíje fún àwọn tó bá lè kọ ìwé ìtàn ní èdè Yorùbá, olùkọ́ kan wà ní ìlú Ọ̀yọ́ tó jẹ́ pé àárín àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń lo ọjọ́ rẹ̀. Ó mọ ohun tí ọwọ́ wọn lè tó láti kà. Ìwé A, B, D wà níbẹ̀, Bíbélì àti ìwé orin wà níbẹ̀, ìtàn èrò mímọ́ tí Bunyan kọ náà sì ti wà ní èdè Yorùbá. Ìwé tí ọmọ yóò kà tán tí yóò tún fẹ́ kà láìjẹ́ pé olùkọ́ pàṣẹ rẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Olùkọ́ náà, Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, mú gègé, ó kọ ìtàn ọdẹ kan tó wọ igbó lọ, ó sì fi ránṣẹ́.

Kì í ṣe pé ìtàn àròsọ kò tíì sí ní èdè Yorùbá rárá. Isaac B. Thomas, tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ti gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde ní ọdún 1930. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ti àgbà ni, nítorí obìnrin tó fi ìgbà èwe rẹ̀ bá onírúurú ọkùnrin jayé ló ń ròyìn ara rẹ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò fi irú rẹ̀ lé ọmọ ọdún méjìlá lọ́wọ́?

Òkè-Igbó ni wọ́n bí Fágúnwà sí ní ọdún 1903, ìlú tí Dérìn Ọlọ́gbẹ́nlá, ọmọ ọba Ifẹ̀, tẹ̀ dó, tó sì wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lóde òní. Oròwọlé ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn òbí rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, wọ́n di ọmọlẹ́yìn Jésù, nígbà tó sì yá, òun náà fi Oròwọlé sílẹ̀, ó gba Ọlọ́runfẹ́mi. Ó kàwé ní ilé-ìwé St. Luke's ní ìlú rẹ̀, ó lọ sí St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1926 sí 1929 láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ìlú Ọ̀yọ́ náà ló sì dúró sí tó ń kọ́ ọmọ fún bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà.

Ọdún 1938 ni ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde. Ẹni tó bá rò ó dáadáa yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ìjọ tó ń wàásù pé kí ènìyàn jìnnà sí òrìṣà àti iwin ló fi ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ ìwé tó kún fún iwin àti àǹjọ̀nú, ọkùnrin tó sì fi orúkọ Orò sílẹ̀ ló kọ ọ́. Ohun tó mú un ṣeé ṣe kò fara sin. Láàárín ìjà kan sí èkejì ni Fágúnwà ti ń wàásù: ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ òbí àti ọmọ, ọ̀rọ̀ ìwà. Nígbà tí Àkàrà-ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, ọjọ́ méje gbáko ni ìmọ̀ràn fi ń jáde. Ọmọ tó bá ń kánjú lè fo ibẹ̀, ìtàn náà kò sì ní bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tó ń fa ọmọ náà mọ́ra wà ní ibòmíràn. Ó wà nínú ìjà Àkàrà-ògùn pẹ̀lú Àgbákò, abàmì tó ní ojú mẹ́rìndínlógún. Ó wà nínú ìrìn-àjò sí Òkè Lángbòdó, tí ọba rán àwọn akọni lọ, tó fi jẹ́ pé kálukú ọmọ lè yan ẹni tirẹ̀ nínú wọn: ẹni tó fẹ́ agbára yóò mú Kàkó, ẹni tó fẹ́ ọgbọ́n yóò mú Ìmọ̀dóyè, ẹni tó fẹ́ orin yóò mú Olóhùn-iyọ̀. (Òótọ́ ni pé ohun tí Kàkó ṣe sí obìnrin tó fẹ́ dá a dúró lọ́nà burú jáì, àwọn onímọ̀ sì ti bá Fágúnwà wí lórí bó ṣe ń fi obìnrin hàn.) Ó tún wà nínú èdè rẹ̀, nítorí Fágúnwà ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ bí ẹni ń sun ìjálá, ìdí nìyẹn tó fi dùn láti kà sókè. Nínú ìwé náà pàápàá, arúgbó kan ló ń sọ ìtàn tí òǹkọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, bí ọjọ́ sì ti ń gorí ọjọ́ ni àwọn ènìyàn ń pọ̀ sí i tó ń wá gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ilé gan-an: ọmọ tó mọ̀wé yóò kà á, òbí tí kò mọ̀wé yóò jókòó tì í.

Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó ka Fágúnwà ní kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìwé náà jáde. Nígbà tó di ọdún 1968, òun ló túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wálé Ògúnyẹmí sọ ọ́ di eré orí ìtàgé, Lángbòdó, èyí tí Nàìjíríà gbé lọ sí àjọ̀dún FESTAC ní ọdún 1977.

Láti 1946 sí 1948, Fágúnwà wà ní ìlú Òyìnbó. Ní 1949, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde. Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje tẹ̀ lé wọn ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní 1961. Ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń ṣe ìwé fún ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá ní 1959. Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ni ti aṣojú ilé-iṣẹ́ Heinemann ní Nàìjíríà, tó fi ń rin ìrìn-àjò káàkiri nítorí ọ̀rọ̀ ìwé.

Irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ló gbé e lọ sí agbègbè Bídà ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e sọdá odò, ó rìn lọ sí bèbè omi, ó sì já sínú odò náà. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni nígbà tí omi gbé e lọ.