Daniel Boone, Ọdẹ Àgbọ̀nrín ní Ilẹ̀ Kentucky

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọdẹ, ọdẹ ilẹ̀ wa ni a sábà máa ń sọ. Lónìí, a fẹ́ ré kọjá òkun, nítorí pé ìbọn tí à ń kì láti ẹnu, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ń pè ní ṣakabùlà, kì í ṣe tiwa nìkan. Irú rẹ̀ ni ó bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, nínú àwọn tí ó sì fi í pa àgbọ̀nrín níbẹ̀, agbára káká ni a fi lè rí ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn tó ti Daniel Boone. Wọ́n ti kọ ìwé nípa rẹ̀, wọ́n ti fi ìtàn rẹ̀ ṣe eré tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú fìlà onírù ẹranko lórí. Bẹ́ẹ̀ ni irú fìlà yẹn kò wù ú rárá. Èyí tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí akẹtẹ̀ ni òun ń dé. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ fìlà sílẹ̀, kí a wo ọkùnrin náà àti oúnjẹ tí ó ń wá kiri.

Ọdún 1734 ni a bí i ní àfonífojì Oley ní Pennsylvania, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Squire Boone, bàbá rẹ̀, ń hun aṣọ, ó sì ń rọ irin. Ẹni tí ó bá mọ àṣà wa yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ níbí, nítorí lọ́dọ̀ tiwa, Ògún kan náà ni alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ jọ ń bọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ Quaker ni àwọn òbí Daniel, àwọn tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ogun sétí. Òun ni ọmọ kẹfà nínú ọmọ 11. Màlúù ni ó kọ́kọ́ ń bá ìyá rẹ̀ dà ní pápá, kùmọ̀ ni ó sì ń fi pa ẹyẹ àti ẹran kéékèèké. Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún 12 tàbí 13, bàbá rẹ̀ ra ìbọn fún un. Àwọn ará àdúgbò kọ́ ọ ní ọdẹ, àwọn Lenape, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀, sì wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ bí a ti ń tọ ipasẹ̀ ẹranko. Kò jókòó pẹ́ nílé ẹ̀kọ́, àkọtọ́ rẹ̀ kò sì dára títí ó fi kú. Síbẹ̀ a máa kó ìwé dání lọ sí inú igbó: Bíbélì, àti ìwé Gulliver's Travels tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà nídìí iná lálẹ́.

Ó yẹ kí a sọ ti ìbọn náà dáadáa. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn tí wọ́n ti Jámánì wá sí Pennsylvania ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀. Ọ̀pá irin rẹ̀ nìkan lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Inú ṣakabùlà tiwa ń dán ni, ṣùgbọ́n inú tiwọn ní ìlà tí wọ́n gbẹ́ yípo bí okùn tí a lọ́, èyí tí ó ń mú kí ọta máa pòòyì bí ó ti ń lọ, kí ó má bàa yẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọdẹ yóò wọn ẹ̀tù láti inú ìwo màlúù, yóò dà á sí ẹnu ìbọn. Yóò fi àkísà tí a fi ọ̀rá pa wé ọta òjé, yóò fi ọ̀pá tì í wọlé títí yóò fi jókòó lórí ẹ̀tù. Lẹ́yìn náà ni yóò ta ẹ̀tù díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn, níbi tí akọ òkúta yóò ti ta iná sí i nígbà tí ó bá fà á. Bí òjò bá rin ẹ̀tù yìí, ìbọn kò ní dún. Bí ọta bá sì tàsé, ó di kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí àgbọ̀nrín tí yóò dúró de ẹni tí ń kì ìbọn.

Àgbọ̀nrín tiwọn kì í ṣe irú tiwa gan-an. Abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun, a sì máa gbé e sókè bí àsíá bí ó bá fẹ́ sá. Ìwo akọ a máa já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń jáde jẹun, ó sì fẹ́ràn ibi tí ilẹ̀ ti ní iyọ̀ tí ó lè lá. Àwọn kan a máa dẹ ẹ́ lóru: ọ̀kan yóò di ògùṣọ̀ mú, ojú ẹranko yóò máa dán nínú òkùnkùn, èkejì yóò sì yìn ín. Kò sí ọdẹ òru ilẹ̀ wa tí yóò ṣàì mọ iṣẹ́ yìí. Ìtàn kan tilẹ̀ wà pé ní irú òru bẹ́ẹ̀, Boone ti fẹ́ yìnbọn sí ojú méjì tí ń dán kí ó tó rí i pé ọmọbìnrin aládùúgbò ni, Rebecca Bryan, ẹni tí ó wá fi ṣe aya ní ọdún 1756. Àwọn ọmọ wọn sẹ́ ìtàn náà. Èmi náà gbà pé àròsọ ni, nítorí ojú ènìyàn kì í dán lóru bí ti ẹranko.

Ọmọ mẹ́wàá ni Rebecca bí fún un. Ní Yadkin ní North Carolina, níbi tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé, àgbàdo tí wọ́n gbìn àti ẹran tí ọkọ pa ni ilé ń jẹ. Wọ́n ń yan ẹran náà lórí iná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi gbẹ, wọ́n sì ń fi awọ rẹ̀ ṣe ṣòkòtò, bàtà àti okùn. Títí dé ibẹ̀, ọdẹ Yadkin àti ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́ ìbá lè jókòó pọ̀ kí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ṣùgbọ́n awọ náà lówó lórí ní Yúróòpù. Awọ akọ àgbọ̀nrín kan sún mọ́ dọ́là kan, ibẹ̀ ni a sì gbọ́ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún dọ́là, èyí tí ó túmọ̀ sí akọ àgbọ̀nrín. Ẹṣin kan lè ru nǹkan bí 100 awọ. Kò lè ru ẹran 100 àgbọ̀nrín. Nítorí náà, nígbà tí Boone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ oko ọdẹ fún oṣù púpọ̀, wọn a jẹ èyí tí wọ́n lè jẹ, wọn a gbẹ díẹ̀, ìyókù a sì di ti ìkookò àti igún. Ọ̀ràn yìí kò dùn mọ́ mi nínú, bí ó ti wù kí òkìkí ọkùnrin náà pọ̀ tó.

Kò dùn mọ́ àwọn onílẹ̀ náà nínú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1769, Boone àti àwọn márùn-ún mìíràn gba àlàfo òkè Cumberland kọjá sí Kentucky. Àwọn Shawnee kò gbé ibẹ̀ púpọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n igbó ọdẹ wọn ni. Ní December ọdún náà, wọ́n ká òun àti àna rẹ̀, John Stewart, mọ́ ibẹ̀. Olórí wọn, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Captain Will, gba gbogbo awọ tí wọ́n ti fi oṣù méje kó jọ, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé ẹran ibẹ̀ ní olówó, bí màlúù òyìnbó ti ní olówó. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Ó fún wọn ní bàtà, ìbọn kékeré kan, awọ díẹ̀ tí wọn yóò fi wé ọta, àti ẹ̀tù àti ọta tí yóò tó wọn pa ẹran jẹ dé ilé. Kò du ẹnikẹ́ni ní oúnjẹ; òwò ni ó kọ̀.

Boone kò gbọ́. Ó dúró ní Kentucky títí di 1771, wọ́n sì tún já awọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti ń bọ̀ wálé. Nígbà tí ó kó ẹbí rẹ̀ lọ ní 1773 láti tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n pa James, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún 16, lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ ní 1775, ó ṣáájú àwọn tí ó la ọ̀nà fún ilé iṣẹ́ Richard Henderson, ó sì tẹ ìlú Boonesborough dó ní April. Oṣù kejì kò tíì pé tí ẹran fi jìnnà sí wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọdẹ ń rin máìlì 15 sí 20 kí ó tó rí èyí tí yóò pa. Nígbà tí àwọn aṣojú sì péjọ lábẹ́ igi ńlá kan ní May láti ṣòfin, Boone fúnra rẹ̀ ni ó mú òfin ìdáàbòbò ẹran ìgbẹ́ wá. Wọ́n fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣọ́ igbó tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀? Àwọn àlejò ń pọ̀ sí i lóṣooṣù, olúkúlùkù sì gbé ìbọn dání.

Iyọ̀ ni ó fa wàhálà 1778. Wọ́n nílò iyọ̀ láti fi tọ́jú ẹran, nítorí náà Boone kó nǹkan bí 30 ọkùnrin lọ sí Blue Licks láti se iyọ̀ láti inú omi. Ní ọjọ́ keje oṣù February, nígbà tí ó lọ pa ẹran tí wọn yóò jẹ, àwọn Shawnee mú un nínú òjò dídì. Ó rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti jọ̀wọ́ ara wọn, kí wọ́n má bàa kú, ọ̀rọ̀ yìí sì di ẹjọ́ sí i lọ́rùn lẹ́yìn náà, bí wọ́n tilẹ̀ dá a láre. Blackfish, olóyè Shawnee, sọ ọ́ di ọmọ, ó sì sọ ọ́ ní Sheltowee, èyí tí ó túmọ̀ sí Ahun Ńlá. Orúkọ yẹn bá a mu lójú Yorùbá! Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá rán an lọ ṣọdẹ, wọn a ka ọta fún un, wọn a sì wọn ẹ̀tù. Òun a gé ọta sí méjì, a fi ẹ̀tù díẹ̀ pa ẹran kékeré, a sì fi ìyókù pamọ́. Bí ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́ nìyẹn. Ní June ó sá, ó sì rin 160 máìlì ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin dé Boonesborough, kí ó lè kìlọ̀ fún wọn pé ogun ń bọ̀.

Ìwé tí John Filson tẹ̀ jáde ní 1784 ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Òkìkí kò sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ilẹ̀ tí ó gbà ní Kentucky bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹjọ́ àti gbèsè, nítorí kò mọ ọ̀nà ìwé àwọn lọ́yà bí ó ti mọ ọ̀nà igbó. A kò gbọdọ̀ fi pamọ́ pé òun náà ní ẹrú. Wọ́n tó méje ní 1787. Ní 1799 ó ṣí lọ sí Missouri, tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ará Spéènì nígbà náà. Níbẹ̀, pẹ̀lú oríkèé tí ń ro ó, ó ṣì ń wọ igbó, ẹni tí ó sì sábà máa ń bá a lọ ni Derry Coburn, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ ẹrú ìdílé wọn. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń sùn ní àgọ́, wọ́n sì jọ ń ru ẹran. Orúkọ Derry kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ fún ọmọdé. Rebecca kú ní 1813, Boone sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 26 oṣù September ọdún 1820, ní ilé Nathan, ọmọ rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún 86. Ní 1845 àwọn ará Kentucky wá hú egungun rẹ̀ lọ sí Frankfort, àwọn ará Missouri kan sì ń sọ títí di òní pé egungun ẹlòmíràn ni wọ́n kó.

Ẹfọ̀n igbó ti tán ní Kentucky kí ó tó kú. Àgbọ̀nrín pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 1900 kọjá díẹ̀, ó ti di ohun àwátì ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ìjọba ni ó fi òfin dè é, tí wọ́n sì ń kó o láti ibì kan lọ tú sílẹ̀ ní ibòmíràn, títí ó fi tún pọ̀. Lónìí, ìpínlẹ̀ náà ya ọjọ́ díẹ̀ sọ́tọ̀ ní October àti ní December fún àwọn tí ń fi ìbọn tí à ń kì láti ẹnu ṣọdẹ. Ẹni tí ó bá pa àgbọ̀nrín gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba kí aago méjìlá òru ọjọ́ náà tó lù, kí ó sì tó fi ọ̀bẹ kun ún.