Tọ́másì Mímọ́ ti Aquino àti Ìdí tí Ohunkóhun fi Wà

Nígbà tí a wà ní ọmọdé tí a ń kọ́ Kátíkísìmù, ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùkọ́ bi wá ni ti ẹni tí ó dá wa. A dáhùn rẹ̀ wéré, a sì kọjá sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ó dúró ti ìbéèrè náà láti ìgbà èwe rẹ̀ títí ó fi súnmọ́ ọjọ́ ikú rẹ̀. Ọkùnrin náà ni Tọ́másì Mímọ́ ti Aquino, tí a ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní.

Ní nǹkan bí ọdún 1225 ni a bí i ní ilé olódi Roccasecca, lẹ́bàá ìlú Aquino, láàárín Róòmù àti Naples ní ilẹ̀ Ítálì. Ọlọ́lá ni Landulf bàbá rẹ̀ àti Theodora ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n mú un lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì ní Monte Cassino, nítorí ìrètí wọn ni pé ní ọjọ́ kan yóò di olórí ilé náà, iyì yóò sì kún ti ìdílé wọn. Àwọn àgbà tí ó pa ìtàn rẹ̀ mọ́ sọ pé níbẹ̀ ni ọmọ náà ti máa ń bi àwọn mọ́ńkì léèrè ohun tí Ọlọ́run jẹ́.

Ní ọdún 1239, ogun àti ìjà mú kí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Naples. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé àwọn ọmọ Dòmínìkì Mímọ́, àwọn oníwàásù tí kò ní ilẹ̀ tí kò ní wúrà, tí wọ́n ń tọrọ ohun tí wọn yóò jẹ. Ní ọdún 1244 ó wọ aṣọ wọn. Inú bí àwọn ará ilé rẹ̀ gidigidi. Àwọn arákùnrin rẹ̀ dá a lọ́nà, wọ́n mú un padà, wọ́n sì há a mọ́ ilé fún bí ọdún kan. Tọ́másì kò bá wọn jà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yí ọkàn padà. Ó ń ka Ìwé Mímọ́, ó ń gbàdúrà, títí wọ́n fi jọ̀wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ Dòmínìkì rán an lọ sí Paris, lẹ́yìn náà sí Cologne, lọ́dọ̀ Albert Mímọ́, olùkọ́ ńlá. Tọ́másì sanra, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní odi màlúù. Albert ni ó kìlọ̀ fún wọn pé ní ọjọ́ kan, gbogbo ayé ni yóò gbọ́ igbe màlúù yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣẹ, nítorí ní ọdún 1256 Tọ́másì di ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní Paris.

Kí ni ó wá kọ́ni lórí ìbéèrè ìgbà èwe rẹ̀? Ó ní kí a wo ohun gbogbo tí ó yí wa ká. Igi tí ó wà lẹ́yìn ilé wa, ìgbà kan wà tí kò sí, ìgbà kan sì ń bọ̀ tí kì yóò sí mọ́. Ènìyàn lè ṣe àpèjúwe ẹranko kan fún ọmọdé títí yóò fi mọ irú ẹ̀dá tí ó jẹ́, síbẹ̀ ọmọ náà kì yóò tíì mọ̀ bóyá irú ẹranko bẹ́ẹ̀ wà láyé. Irú ohun tí nǹkan jẹ́ yàtọ̀ sí pé nǹkan náà wà. Wíwà kì í ṣe ti ẹ̀dá fúnra rẹ̀. A fún un ni. Nínú èrò yìí, Tọ́másì kò tijú láti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ Ibn Sina, Mùsùlùmí tí ó kú ní 1037, àti lọ́wọ́ Moses Maimonides, Júù tí ó kú ní 1204, nítorí ó gbà pé òtítọ́ kò ní àjèjì.

Bí gbogbo ènìyàn inú ìlú kan bá ń yá owó lọ́wọ́ ara wọn, tí kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tí owó jẹ́ tirẹ̀, níbo ni owó náà yóò ti wá? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti wíwà. Bí ohun gbogbo bá jẹ́ ayáni, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá béèrè ẹni tí ó dá Ọlọ́run ń béèrè lọ́wọ́ olówó ẹni tí ó yá a lówó. Ọlọ́run kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó wà. Òun ni Wíwà fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí ó fi han Mósè nínú ìgbẹ́ tí ń jó.

Nígbà tí Tọ́másì padà sí Paris ní nǹkan bí ọdún 1268, àríyànjiyàn ńlá wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan tí ń tẹ̀lé Aristotle ń sọ pé ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Stephen Tempier sì dá ẹ̀kọ́ náà lẹ́bi ní 1270. Àwọn mìíràn ń sọ pé ọgbọ́n orí nìkan tó láti fi hàn pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀. Tọ́másì kò bá èyíkéyìí lọ. Ó ní nípa ìgbàgbọ́ ni a mọ̀ pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ ní in, yóò ṣì nílò Ọlọ́run. Gbẹ́nàgbẹ́nà a kan àga tán, a lọ sí ilé, àga a sì dúró. Ṣùgbọ́n bí onílù bá gbé ọwọ́ kúrò, níbo ni ìró ìlù wà? Tọ́másì fi í wé ìmọ́lẹ̀ oòrùn nínú afẹ́fẹ́, èyí tí kì í dúró lẹ́yìn oòrùn. Lóde òní, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ka ọjọ́ orí àgbáyé sí nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8 ọdún. Ìmọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ bí àgbáyé ti dàgbà. Ìdí tí ohun kan fi wà láti dàgbà ṣì kù.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 1273, ní Naples, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí Tọ́másì níbi Mísà. Láti ọjọ́ náà kò kọ̀wé mọ́, ó sì fi ìwé rẹ̀ tí ó tóbi jùlọ sílẹ̀ láìparí. Ó sọ fún Reginald, akọ̀wé rẹ̀, pé bí koríko gbígbẹ ni gbogbo ohun tí òun ti kọ rí lójú òun. Ní oṣù kẹta ọdún 1274, bí ó ti ń lọ sí Ìgbìmọ̀ Lyon, àìsàn dá a dúró, ó sì kú ní ilé àwọn mọ́ńkì ní Fossanova. Ní 1277, ìdálẹ́bi tuntun ní Paris kan díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1323 Póòpù John Kejìlélógún kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́, ní 1567 Póòpù Pius Karùn-ún sì pè é ní Dókítà Ìjọ.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ó ṣe wá lóore nínú ìtàn yìí ni pé a lè má wà rárá. Kò sí ohun tí ó fi ipá mú Ọlọ́run láti dá wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ṣe aláìní tí a fi kún un. Oore ni. Bí a bá jí ní òwúrọ̀ ọ̀la, ọwọ́ Onílù ṣì wà lórí ìlù ni. Alágbe tí ó jókòó ní ẹnu-ọ̀nà ilé ìsìn wa, àti ẹni tí a kò bá sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọdún tí ó kọjá, ọwọ́ kan náà ni ó gbé àwọn náà ró. Kí ni a ó ṣe sí wọn nígbà tí a bá jáde ní Mísà òní?