Herb McKenley: Asáré Tí Ó Di Olùkọ́ Orílẹ̀-Èdè

Nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó sọ Jàmáíkà, erékùṣù kékeré, di ọ̀gá nínú eré sísá, àwọn ọ̀dọ́ òde òní ni orúkọ wọn máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀kan nínú àwọn orísun náà ni Herbert Henry McKenley, tí a bí ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1922 ní Pleasant Valley, ní agbègbè Clarendon. Ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ ìtàn rẹ̀, nítorí pé bí ó tilẹ̀ fi eré sísá bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó fi dàgbà.

Ilé-ìwé gíga Calabar ní Kingston ni ó ti kàwé. Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí wa, nítorí pé Kàlàbá ilẹ̀ wa, èbúté tí a ti kó àìmọye ẹrú ré òkun kọjá, ni ó ti wá. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Amẹ́ríkà, ní Boston College, lẹ́yìn náà ní Yunifásítì Illinois, níbi tí ó ti borí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gbogbo ilẹ̀ náà nínú eré yáàdì 440 ní ọdún 1946 àti 1947. Ní ọdún 1948 ó sá mítà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá 45.9. Kò sí ẹni tí ó tíì sá a ní ìwọ̀n tí ó kéré sí 46 rí ṣáájú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ó dé Eré Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún yẹn kan náà, òun ni gbogbo ayé ń retí. Ó bẹ́ síwájú bí ọfà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé òpin, agbára rẹ̀ rẹ̀yìn, Arthur Wint, ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, sì kọjá lára rẹ̀. Fàdákà ni McKenley gbà. Nínú eré ẹlẹ́ni mẹ́rin tí a fi ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara ẹni, iṣan ẹsẹ̀ Wint fà, eré wọn sì parí síbẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a bojú wẹ̀yìn. McKenley bojú wẹ̀yìn, ó mọ ibi tí ó ti kùnà, ó sì tún padà ní ọdún 1952 sí Helsinki ní ilẹ̀ Fínlándì. Nínú mítà 100, òun àti Lindy Remigino ará Amẹ́ríkà jọ dé ibi òpin ní 10.4. Remigino fúnra rẹ̀ rò pé McKenley ni ó borí, ó sì kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn adájọ́ yẹ àwòrán wò, Remigino ni wọ́n fún ní wúrà. Nínú mítà 400, òun àti George Rhoden, ọmọ Jàmáíkà bíi tirẹ̀, jọ gba 45.9, Rhoden ni ó tún borí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wúrà ti yọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Nínú eré ẹlẹ́ni mẹ́rin, Wint ni ó kọ́kọ́ sá, Leslie Laing tẹ̀lé e, àwọn Amẹ́ríkà sì ti fi wọ́n sílẹ̀ jìnnà kí ọ̀pá tó kan McKenley. Ó sá ìdá tirẹ̀ ní 44.6, ó lé wọn bá, Rhoden sì sá a dé òpin. Jàmáíkà borí ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 3.9, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá péré ni wọ́n fi ju Amẹ́ríkà lọ. Ẹni tí kò rí wúrà gbà fún ara rẹ̀ ni ó bá ilẹ̀ rẹ̀ gbé e wálé.

Kò fi ògo yìí ṣe oúnjẹ jíjókòó jẹ. Láti ọdún 1954 títí di 1973, òun ni ó ń kọ́ àwọn asáré orílẹ̀-èdè rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì títí wọ́n fi gba òmìnira ní 1962 àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Calabar fún ìdíje àwọn ilé-ìwé gíga, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1910. Ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ eré ìje Jàmáíkà, ó sì ran ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ́wọ́ láti rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2004 ìjọba fi oyè Order of Merit dá a lọ́lá.

Ó kú ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2007, ní ẹni ọdún 85. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008, Usain Bolt gba wúrà mítà 100 ní Beijing, èyí tí ó yọ mọ́ McKenley lọ́wọ́ ní ọdún 56 ṣáájú. Kò fojú rí i, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà náà.

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ka eré ìdárayá sí ìmẹ́lẹ́ tí ń fi àkókò ọmọ ilé-ìwé ṣòfò. Kí wọ́n wo Jàmáíkà. Kì í ṣe wúrà ilẹ̀ ni ó sọ wọ́n di ẹni àpọ́nlé. Pápá ilé-ìwé, ìdíje tí kì í yẹ̀, àti àwọn olùkọ́ tí kò káàárẹ̀ ni. Ẹ̀yin olùkọ́, pápá yín kò kéré sí kíláàsì yín. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹni tí ó bá ti sá eré tirẹ̀ tán, ẹ má ṣe jù ú sí ẹ̀yìn. Ẹ fi àwọn ọmọ lé e lọ́wọ́.